Ẹ̀gún Òòrẹ̀ Tó Dá Ohùn Àwẹ̀ró Dúró

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ẹní, ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ìdúró nítorí pé àga kò kárí, mo kí gbogbo yín o, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú àpéjọ, ẹ sì kú etí lọ́nà. Àgbà tó bá dé àwùjọ tí kò kí ènìyàn, bó bá sọ̀rọ̀ tán, òun nìkan ni yóò dá ara rẹ̀ lóhùn. Èmi ni Ọdẹ́níran Àkànmú, ọmọ bíbí Ìsarẹ̀-Òkè, ìlú tí òkúta pọ̀ ju iyanrìn lọ, níbi tí adìẹ ti ń fẹsẹ̀ wa ilẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi ń mú bí abẹ. Mo ti ṣọdẹ nínú igbó tí ọ̀sán rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹfọ̀n ti lé mi gun igi rí, èmi náà sì ti lé ẹfọ̀n títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gun igi. Ìkookò kan pàdé mi lójú ọ̀nà, ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé, ó sì yí padà kíá. Ṣùgbọ́n àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ẹni tó bá rìn jìnnà yóò rí abuké erin, ìrìn àjò tí mo sì fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe inú igbó tí ẹ lè fi àdá là. Inú kọ̀ǹpútà ọmọ mi ni mo wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in nísinsìnyí, kó lè ráyè gbọ́ ìyókù.

Mo ní ìyàwó kan, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò tó ń rọ̀ sórí ewé kókò. Nígbà tí àìsàn gbé e dé ilé ìwòsàn, inú igbó ni mo wà, níbi tí fóònù ẹnikẹ́ni kò lè dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ wa obìnrin, Ọdẹ́ronkẹ́, ló ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọdẹ́ronkẹ́ fi fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ̀, ó sáré jáde lọ ra oògùn. Ìyá gbé fóònù náà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí n gbọ́ sínú rẹ̀. Kí ọmọ tó padà dé, ìyá ti sun oorun tí a kì í jí ẹni nínú rẹ̀. Bí Ọdẹ́ronkẹ́ ṣe sáré gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra, fóònù já bọ́ sínú garawa omi. Àwọn baba wa ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ti rí i pé òótọ́ ni, nítorí ohùn Àwẹ̀ró fọ́ yángá nínú omi náà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí. Iṣẹ́ tí ọmọ mi yìí ń ṣe ni kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà, àṣẹ lórí àṣẹ, ìlà lábẹ́ ìlà, tí ẹ̀rọ náà yóò máa tẹ̀ lé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tí a rán níṣẹ́. Ó ṣa àfọ́kù ohùn ìyá rẹ̀ jáde láti inú fóònù tó ti bàjẹ́ náà, ó kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, ó sì kọ ètò tí yóò tò wọ́n jọ bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, tí yóò sì sọ wọ́n jáde. Lọ́jọ́ tí ètò náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, mo jókòó tì í. Ohùn Àwẹ̀ró jáde, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ó ní, "Àkànmú mi, bí ẹ bá ti igbó dé..."

Ẹ̀rọ dákẹ́.

Ọdẹ́ronkẹ́ tún un tẹ̀. "Àkànmú mi, bí ẹ bá ti igbó dé..." Ẹ̀rọ tún dákẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan fi ọwọ́ bo obìnrin náà lẹ́nu.

Bí mo bá ti igbó dé, kí n ṣe kí ni? Ìbéèrè yìí gbé mi mì bí erè ṣe ń gbé ewúrẹ́ mì, inú rẹ̀ ni mo sì ń gbé. Bí mo bá ti igbó dé, mo ń gbálẹ̀ àgbàlá, bóyá ohun tó fẹ́ kí n ṣe nìyẹn. Mo gun òrùlé lọ dí ibi tó ń jò. Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tí èmi àti rẹ̀ kì í fojú kojú láti ọjọ́ pípẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, ó sì bi mí bóyá orí mi pé. Mo di ìránṣẹ́ tó ń jẹ́ iṣẹ́ tí kò gbọ́. Bí mo bá sì ṣe gbogbo rẹ̀ tán, màá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, màá máa wo ọ̀nà odò, bí ẹni pé Àwẹ̀ró, tó máa ń gbà á bọ̀, kàn pẹ́ díẹ̀ ni.

Nígbà tó yá, Ọdẹ́ronkẹ́ pè mí. Ó ní, "Bàbá mi, àṣìṣe kan ló wà nínú ètò yìí. Mo wá a títí, mi ò rí i. Ẹ̀yin lẹ mọ ipa ẹran."

Mo ní, "Níbo ni ẹnu ọ̀nà ibẹ̀?"

"Fèrèsé kan wà tí àwa tí à ń kọ ètò fi ń wo ètò wa bó ṣe ń rìn."

"Ṣí i."

Ó ṣí i. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́, mo ki tòsì tẹ̀ lé e, mo tẹrí ba bí ẹni tó ń wọ ahéré, mo sì bọ́ sínú rẹ̀.

Ibẹ̀ dà bí oko tí ọ̀lẹ kò dá. Aporo lórí aporo, gígùn gbọọrọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlà kan nínú ètò ọmọ mi, alágbàrù kan sì wà lórí aporo kọ̀ọ̀kan tó ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ á gba igbá, á ṣe tirẹ̀ sí i, á gbé e fún ẹnì kejì, ẹnì kejì á gbé e fún ẹnì kẹta, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin oko. Ṣùgbọ́n wọ́n yára, ẹ̀yin èèyàn! Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ṣiṣẹ́ tán, wọ́n ti padà sí àyè wọn, wọ́n ń nu òógùn. Etí mi nìkan ló gbọ́ "Àkànmú mi, bí ẹ bá ti igbó dé" tó fẹ́ kọjá lára mi bí afẹ́fẹ́.

Ibi tí mo ti ń rọ́jú wò wọ́n ni ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. "Ọdẹ, gbé ìbọn yẹn sílẹ̀ ká lè kí ara wa. Àwọn èèyàn rẹ ti fi ẹ̀gbọ́n bàbá mi se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, mi ò sì fẹ́ tẹ̀ lé e."

Mo yíjú padà. Òòrẹ̀ ni, ó tóbi tó ọmọ màlúù, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà ró bí koríko etí odò.

Mo ní, "Òòrẹ̀, ọmọ olóko ẹ̀gún, mo kí ọ. Kì í ṣe ẹ̀fọ́. Ilá ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí gbogbo ẹ̀gún rẹ̀ fi ń ró wórówóró. "Ó dáa, o kì í purọ́. Kí lo wá ṣe lọ́dọ̀ wa?"

Mo sọ fún un. Ó ní, "Ojú rẹ kò lè bá àwọn alágbàrù yìí bí wọ́n bá ń sáré. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wà níbí. Fa ẹ̀gún kan lẹ́yìn mi, gún un mọ́lẹ̀ níwájú ìlà tó bá wù ọ́. Bí ètò bá dé ibẹ̀, gbogbo oko yìí á dúró gbagidi kí ìlà náà tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ṣe é o, kó tó ṣe é ni. Wàá ṣí igbá wọn, wàá wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí o bá wò ó tán, wí pé 'Ó yá,' wọn á máa lọ."

Ẹ̀yin ará mi, mo ti sọ fún yín pé Ìsarẹ̀-Òkè ni mo ti wá. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ẹran bá ń jẹ oko ẹni, a kì í dẹ tàkúté kan. A ó dẹ ẹ́ yí oko ká, a ó dẹ ẹ́ sí àárín oko, a ó dẹ ẹ́ títí olóko gan-an kò fi ní mọ ibi tí yóò gbà wọlé. Bí mo ṣe kọ́ ọ ni mo ṣe ṣe é. Mo fa ẹ̀gún Òòrẹ̀ tu fàà, fàà, mo gún ọ̀kan síwájú aporo kọ̀ọ̀kan, kò ku ìlà kan. Mo pariwo sókè sí Ọdẹ́ronkẹ́ pé kó tẹ̀ ẹ́.

Ètò gbéra, ó dúró. Mo wo igbá, òfìfo ni. Mo ní, "Ó yá." Alágbàrù kejì gbé ẹsẹ̀, ó dúró. Mo wo igbá, orúkọ Àwẹ̀ró ni wọ́n kọ sí i lára, kò sí nǹkan míràn. "Ó yá." Ó tún dúró. Oòrùn inú ibẹ̀ ń yí lọ, a kò sì tíì kúrò ní etí oko. Àwọn alágbàrù wà nínàró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè bí àkùkọ tí òjò pa. Ẹnu nìkan ni ẹ̀gún náà kì í dá dúró.

Ìyá arúgbó kan tó ru igbá ní, "Bàbá yìí, ṣé ẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbẹ sókè ni?"

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kó máa tú igbá wa wò. Bóyá ìyá rẹ̀ ló bọ́ síbẹ̀."

"Ìyàwó mi ni," mo dá a lóhùn.

Ọkùnrin náà wolẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ máa wò ó."

Òòrẹ̀ ló wá bú sẹ́kún ní tirẹ̀. "Kó máa wò ó kẹ̀? Ẹ̀yin ẹ wò mí! Ìhòòhò ni mo wà! Ọdẹ, o ti sọ mí di òkété tó bọ́ sí ilé ìwẹ̀. Ta ló kọ́ ọ pé gbogbo ilẹ̀ la ń gún lẹ́gùn-ún? Èyí tí o kò bá nílò mọ́, fà á tu, dá a padà sí ara mi. Èyí tí o rò pé o tún lè lò, tẹ̀ ẹ́ sùn, á mọ àyè rẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró títí wàá fi jí i. Ibi tí ohùn ti ń parẹ́ ni kí o ṣọ́. Oko lo ń tú wò, tí o kò wá ẹran!"

Ojú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fa àwọn kan tu, mo ń tẹ àwọn kan sùn, Òòrẹ̀ ń ka ara rẹ̀ bí ẹ̀gún ṣe ń padà, "Èyí wà, èyí wà, rọra, ibẹ̀ ń yún mi." Nígbà tí mo rò pé mo ti ṣe tán, mo ké sí ọmọ mi, ètò gbéra, wọ́n sáré lọ fìì, wọ́n sì tún dúró gbagidi.

"Bàbá!" Ìyá arúgbó náà ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún wà lókè. "Ṣé ẹsẹ̀ mi yìí ló wù yín ni? Ẹ kúkú wá san owó orí mi!"

Ẹ̀gún kan ló kù sábẹ́ etí ìró rẹ̀ tí mi ò rí. Gbogbo oko rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tọrọ àforíjì, mo fà á tu.

Nígbà náà la wá rìn dé àárín oko. Níbẹ̀, ọ̀nà ṣẹ́rí padà sára rẹ̀: wọ́n á mú igbá kékeré kan wá láti inú àká, igbá tí èérún ohùn kan wà nínú rẹ̀, wọ́n á gbé e gba ẹnu ìlẹ̀kùn kan kọjá, wọ́n á sì padà lọ mú òmíràn. Ọkùnrin gíga kan tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò ló ń ṣọ́ ìlẹ̀kùn náà. Ó ń fetí sí igbá kọ̀ọ̀kan kó tó jẹ́ kó kọjá lọ sí ayé. Mo gún ẹ̀gún kan síbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo igbá tó bá dé ni ẹ̀gún náà ń dá dúró, a ó wá wà níbẹ̀ títí irùngbọ̀n mi yóò fi kan ilẹ̀.

Òòrẹ̀ ní, "Ẹ̀gún mi ní etí. Sọ ohun tí o fẹ́ fún un, kò ní dá ẹlòmíràn dúró."

Mo ronú. Ibi tí ohùn bá ti tán, ìdákẹ́jẹ́ ló kù níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sọ fún ẹ̀gún pé, "Má dá ẹnikẹ́ni dúró, àfi ẹni tí igbá rẹ̀ bá dákẹ́."

"Ó yá!"

Igbá ń kọjá, ó ń kọjá. Àkànmú mi. Bí ẹ bá ti. Igbó dé. Gbogbo oko dúró. Ewé kan tó ń já bọ́ láti orí igi dúró sójú ọ̀run.

Ọwọ́ onílẹ̀kùn ti wà lára ìlẹ̀kùn, ó fẹ́ tì í. Igbá kan wà níwájú rẹ̀ tí kò dún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o! Lẹ́yìn igbá náà, igbá mìíràn ṣì wà, òmíràn sì wà lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tò lọ dé ẹnu àká, wọ́n sì ń dún kùn-ún-kùn-ún bí oyin inú ihò igi. Ọ̀rọ̀ aya mi wà níbẹ̀! Onílẹ̀kùn yìí ló ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn! Mo gbé ìbọn, mo dojú rẹ̀ kọ ọ́ láyà.

Onílẹ̀kùn kò mì. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìbínú. Ọmọ yín ló fi mí síbí. Ó ní bí igbá kan bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán, kí n tìlẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe rán mi ni mo ṣe ń jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá pa mí, ta ni yóò ṣí i?"

Mo sọ ìbọn kalẹ̀. Ọdẹ kì í yìnbọn fún ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Mo gbé igbá tó dákẹ́ náà, mo ṣí i, mo gbé e sétí.

Kò ṣófo. Àwẹ̀ró ń mí.

Àwẹ̀ró kò tíì sọ̀rọ̀ tán, ó ń gba èémí ni. Bó ti máa ń rí nìyẹn nígbà tó bá ru omi gun òkè ilé wa, á dúró lágbede-méjì, á fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, á fa èémí wọlé pẹ̀lú ohùn kékeré kan bí ìlẹ̀kùn tí kò fẹ́ ké, èmi á sì ti orí àpáta wò ó láìjẹ́ kó mọ̀. Ibi tí ó fa èémí dé nínú igbá náà ni ẹ̀gún ti dá a dúró. Kò wọlé tán, kò jáde.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo gbé igbá náà lé itan mi.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gún yẹn bá wà nílẹ̀, Àwẹ̀ró ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹni tó bá sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu kò tíì lọ. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. N kò mọ bó ti pẹ́ tó. Eruku ibẹ̀ bo bàtà mi, aláǹtakùn ta okùn láti ẹnu ìbọn mi dé etí Òòrẹ̀.

Ọdẹ́ronkẹ́ ké láti ojú fèrèsé. "Bàbá mi, ṣé ẹ ti rí i?"

"Mo ti rí i."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń mí."

Mo gbé igbá náà sókè kí ó lè gbọ́. Ó fetí sí i títí, mo sì gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé bó bá ti dákẹ́, ó ti tán ni. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìka rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, tó ń ró bí òjò àkọ́rọ̀.

Onílẹ̀kùn mi orí. "Àṣẹ tuntun ti dé. Wọ́n ní bí igbá bá dákẹ́, kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àfi bí kò bá sí igbá mọ́ ni kí n tó tìlẹ̀kùn. Ó ku ẹ̀gún yín, bàbá."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Òòrẹ̀ ní, "Ọdẹ, fà á tu."

"Jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i."

"Fà á tu."

"Ṣé mi ò lè tẹ̀ ẹ́ sùn ni? Kí n lè máa wá jí i, kí n máa wá bá a níbí?"

Òòrẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "O lè ṣe bẹ́ẹ̀. N kò ní dí ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ irú rẹ, ojoojúmọ́ ni wàá máa jí i, o kò ní jẹ́ kó kọjá láé. Kí a lè rí àṣìṣe ni mo ṣe fún ọ lẹ́gùn-ún, n kò ní kí o fi so aya rẹ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Mo wò ó. Àwọn igbá yòókù wà lórí ìlà, wọ́n ń dún kùn-ún-kùn-ún, gbogbo ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà fi agbára tó kù sí i lára kó jọ, wọ́n dúró sínú oòrùn bí àlejò tó ru ẹrù wá, tí onílé jókòó dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn.

Ọdẹ́ronkẹ́ ní, "Bàbá mi, èmi náà kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde. Mo dá igbá padà fún alágbàrù. Mo di ẹ̀gún náà mú. Ó ti ta gbòǹgbò, kò fẹ́ tu, èmi náà kò fẹ́ kó tu, àwa méjèèjì ń bá ara wa fà á títí ó fi já pẹ̀lú erùpẹ̀. Ẹnu mi wúwo kí n tó lè sọ ọ́.

"Ó yá."

Ewé tó wà lójú ọ̀run já bọ́. Èémí náà wọlé tán, ohùn Àwẹ̀ró sì gba ẹnu ìlẹ̀kùn kọjá. "Ẹ má dúró dè mí kí ẹ tó jẹun o. Mo mọ̀ yín. Ẹ ó jókòó, ẹ ó máa wo ọ̀nà, ọbẹ̀ á tutù, ẹ ó wá ní kò dùn." Ó tún gba èémí. Onílẹ̀kùn wo ẹ̀yìn, ó dúró. "Ẹ jẹun. Ó tán. Ọdẹ́ronkẹ́! Ọdẹ́ronkẹ́ dà? Báwo ni wọ́n ṣe ń pa nǹkan yìí ná?"

Igbá tán. Onílẹ̀kùn rọra ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, àwọn alágbàrù sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Mo gún ẹ̀gún náà padà sí ẹ̀yìn Òòrẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀, ọdẹ. Sọ fún wọn nílé pé ẹran ara mi korò." Mo gba ojú fèrèsé jáde. Ọdẹ́ronkẹ́ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé, "Báwo ni wọ́n ṣe ń pa nǹkan yìí ná," ó sì tún ń sunkún. Ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó gbé oúnjẹ wá. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo ki ọwọ́ bọ ọbẹ̀ náà nígbà tó ṣì ń gbóná, mo sì jẹun.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó dára kí a dá nǹkan dúró kí a lè wo ibi tó ti wọ́, nítorí ẹni tí kò lè dúró wò kò lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gún ẹ̀gún sójú ọ̀nà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á tu, bí ó tilẹ̀ dùn ún ju bó ti dun ilẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́ tí ẹ yá mi létí yín. Ẹ dìde, ẹ gbọn aṣọ yín, ẹ máa lọ síbi tí wọ́n ti ń retí yín, kí ẹsẹ̀ yín má kọ, kí ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ fẹ́ràn má há sọ́nà. Ó dìgbà o.